Lẹ́tà Kan Nínú Ẹ̀jẹ̀: Tiwa àti ti Àwọn Ará Ireland

  Olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nǹkan nípa ohun tí mò ń kọ́ nípa ara ènìyàn, kí n sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tí yóò fi yé ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin àti ẹni tí ń kọ́ ìṣirò owó. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ohun tí ó yẹ kí n kọ kò jìnnà rárá: inú ẹ̀jẹ̀ ara mi ni ó wà.

Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ bí a ṣe ń fi iná mànàmáná ya oríṣiríṣi purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù wa fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dán an wò. Ọkàn mi balẹ̀. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti ṣe àyẹ̀wò ní ibì kan, wọ́n sì fún mi ní ìwé pé AA ni mí. Ìwé náà wà nínú àpótí mi títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde, ìlà kan ṣoṣo ni ó wà lábẹ́ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Lábẹ́ orúkọ tèmi, ìlà méjì ni. A tún un ṣe. Ìlà méjì náà ni. AS ni mí, kì í ṣe AA.

Ọmọ Ireland kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà rí i pé ojú mi yí padà. Ó bi mí, mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Má bínú jù. Ẹ̀jẹ̀ tiwa náà ní tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ lára bàbá mi, nítorí pé irin ti pọ̀ jù nínú ara rẹ̀." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òtítọ́ ni ó ń sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú pé àwa tí oòrùn ń pa àti àwọn tí òjò ń pa, ọ̀rọ̀ wa jọ ju bí a ti rò lọ. Ohun tí mo kà, tí mo sì kọ́ nípa rẹ̀ ni mo kó wá síwájú yín.

ÌRÌN ÀJÒ SẸ́Ẹ̀LÌ PUPA

Sẹ́ẹ̀lì ni bíríkì tí a fi mọ ara ènìyàn, ṣùgbọ́n bíríkì tí ó wà láàyè ni. Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń darúgbó, ó sì ń kú kí òmíràn lè rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lára àgbàlagbà kan tó nǹkan bí tírílíọ̀nù 30. Bí a bá pín wọn sí ọ̀nà 10, ó lé ní ọ̀nà 8 tí ó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń bí wọn, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí sẹ́ẹ̀lì pupa tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń ti kóró àárín rẹ̀ síta. Kóró yìí ni àkọsílẹ̀ gbogbo ìlànà ara wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì yòókù kì í sì í fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alárù ni sẹ́ẹ̀lì pupa. Àyè ẹrù ni ó ń wá. Ẹrù rẹ̀ ni purotéènì kan tí a ń pè ní hẹmoglóbìn, èyí tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 270 nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Irin wà nínú hẹmoglóbìn, irin yìí ni ó sì ń di afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mú nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọpọlọ, fún iṣan, fún gbogbo ẹ̀yà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, sẹ́ẹ̀lì pupa lè yí gbogbo ara ká tán kí ó tún padà sí ọkàn. Kíndìnrín wà níbẹ̀ bí olùṣọ́: bí ó bá rí i pé ọ́síjìn kò tó, yóò ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kí ó bí sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yà kan kò dá ṣiṣẹ́? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn náà rí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Sẹ́ẹ̀lì pupa rí pẹrẹsẹ bí àkàrà tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré jù lọ nínú ara kò fẹ̀ tó sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀. Ó ní láti ká ara rẹ̀ kò, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, bí ẹni tí ó ru ẹrù ṣe ń wá ọ̀nà kọjá ní Ọjà Ọba ní Ìbàdàn nígbà ọdún. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rọ̀. Ọjọ́ tí kò bá rọ̀ mọ́, ọ̀nà dí nìyẹn.

Lẹ́yìn nǹkan bí 120 ọjọ́, sẹ́ẹ̀lì pupa á ti gbó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbá ilẹ̀ mọ́ á jẹ ẹ́, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ẹ̀yà kan tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí Òyìnbó ń pè ní spleen. Wọn kì í da irin inú rẹ̀ nù. Wọ́n á kó o padà sí mùdùnmúdùn egungun kí a fi ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun. Gbogbo irin tí ó wà lára ènìyàn kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, bí ìṣó kékeré kan, síbẹ̀ ara mọ iyì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dá ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí ó lè gbà lé e jáde bí ó bá pọ̀ jù. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìkan ni a ń ṣọ́. Ní ìfun ni ẹnu ọ̀nà náà wà: mílígíráàmù 1 tàbí 2 ni ó ń gbà wọlé lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ránṣẹ́ sí i pé, "Ó tó, ti ilẹ̀kùn."

Àwọn nǹkan méjì yìí, rírọ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa àti ilẹ̀kùn irin, ni ìtàn wa dá lé. Èkíní bàjẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, èkejì bàjẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn.

LẸ́TÀ TÍ Ó YÍ PADÀ

Ìlú Dublin yìí ní ọwọ́ nínú bí aráyé ṣe mọ̀ pé lẹ́tà wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Erwin Schrödinger, onímọ̀ físíìsì ọmọ Austria, sá kúrò lábẹ́ ìjọba Hitler, ó sì dé Dublin ní 1939. Ní oṣù kejì ọdún 1943, ó dúró ní Trinity College, ó sì sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí ìbéèrè kan: kí ni ìyè? Ó ní àkọsílẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, bí àrokò, tí òbí fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ. A tẹ ọ̀rọ̀ náà ní ìwé ní 1944. James Watson àti Francis Crick, tí wọ́n fi bí DNA ṣe rí hàn ní 1953, ni ìwé náà ru sókè. DNA ni àrokò náà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, T, G àti C. Nǹkan bí bílíọ̀nù 3 lẹ́tà ni a gbà lọ́wọ́ bàbá, a sì gba iye kan náà lọ́wọ́ ìyá.

Bóyá ẹnìkan á ní, kí ni lẹ́tà kan lè bàjẹ́ nínú bílíọ̀nù 3? Ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Àmì orí wọn nìkan ni a yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí a bá òun wá ọkọ, tí a wá gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ọ̀kan nínú àwọn okùn tí a fi hun hẹmoglóbìn ní ìlẹ̀kẹ̀ 146. Níbi ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà, ó yẹ kí a rí GAG nínú àrokò. Lára ẹni tí ó ní S, GTG ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà A kan di T, ìlẹ̀kẹ̀ kan sì yàtọ̀. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi iná mànàmáná fi hàn ní 1949 pé hẹmoglóbìn àwọn aláìsàn yìí yàtọ̀, ọ̀nà yẹn náà ni ó tú àṣírí tèmi. Vernon Ingram ni ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yàtọ̀ náà ní Cambridge ní 1956.

AKẸ́KỌ̀Ọ́ BÍI TIWA

Ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ ìtàn àìsàn yìí sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Òyìnbó, akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni, bí èmi àti ẹ̀yin. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ láti erékùṣù Grenada. Ní 1904 ó lọ sí Chicago láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí àìsàn fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ernest Irons, dókítà ọ̀dọ́ kan, wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, gbé ìròyìn náà jáde ní 1910. Noel rọ́jú parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, ó ń tọ́jú eyín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì kú ní 1916 ní ẹni ọdún 32.

Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ọkùnrin yìí, nínú yàrá tútù ní ìlú àjèjì, tí egungun ń dùn ún tí ìdánwò sì ń bọ̀, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. A kò tíì ní orúkọ fún ohun tí ń ṣe é. Àwa ti ní orúkọ rẹ̀ báyìí: fòníkú-fọ̀ladìde.

BÍ DÒJÉ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Nígbà tí hẹmoglóbìn S bá gbé ọ́síjìn dání, kò sí ìjà. Ìgbà tí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn hẹmoglóbìn náà á so mọ́ ara wọn, wọ́n á di okùn gígùn tí ó le, tí yóò na sẹ́ẹ̀lì náà títí yóò fi tẹ̀ bí dòjé. Bí ó bá padà dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè nà padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe èyí títí, kò ní lè nà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó lo 120 ọjọ́ á kú láàárín ọjọ́ 10 sí 20. Mùdùnmúdùn egungun á máa sáré bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, kò ní lè bá a. Ẹ̀jẹ̀ á dínkù, ẹyinjú á pọ́n bí èso ìyeyè nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń fọ́.

Àwọn tí ó ti tẹ̀ náà kò lè ká ara wọn kò mọ́. Wọ́n á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ibi tí ọ́síjìn kò bá dé á máa kígbe: ìrora nìyẹn, nínú egungun, nínú àyà, nínú ikùn. Bí ó bá jẹ́ òpó ọpọlọ ni ó dí, àrùn rọpárọsẹ̀ lè dé, kódà sí ọmọdé. Spleen tí ń bá kòkòrò àrùn jà á kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí náà ibà lásán lè di ikú fún ọmọ tí ó jẹ́ SS bí a kò bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ọmọ tuntun kì í ṣàìsàn yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Hẹmoglóbìn tí ó lò nínú oyún yàtọ̀, a ń pè é ní F, kò sì ní lẹ́tà burúkú náà. Nǹkan bí oṣù 6 lẹ́yìn ìbí, F á ti dínkù gan-an, S á gba ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa àwọn ìyá wa àtijọ́. Ọmọ wọn ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ń yọ̀. Lójijì ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wú, yóò máa ké lóru. Yóò lọ. Òmíràn á tún dé, yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àbíkú ni. Wọ́n kọ ọ́ ní abẹ kí ó má baà lẹ́wà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún un. N kò sọ pé gbogbo àbíkú ni SS. Ibà àti èéyi náà pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò purọ́ pé ohun kan náà ni ó ń padà wá. Ọkọ́ ni wọ́n ń gbé pamọ́. Dòjé ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

IRIN ÀWỌN ARÁ IRELAND

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́tà tiwọn wà nínú jíìnì kan tí a ń pè ní HFE, èyí tí àwọn onímọ̀ rí ní 1996. G kan di A níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í mọ̀ pé irin ti tó, kì í sì í ránṣẹ́ pé kí a ti ilẹ̀kùn. Irin á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún 20 ọdún, 30 ọdún, láìsí ìrora. Kò ní ọ̀nà àbájáde. Yóò kó sínú ẹ̀dọ̀ títí yóò fi le, yóò kó sínú ẹ̀yà tí ń ṣe ínsúlínì, ìtọ̀ ṣúgà á bẹ̀rẹ̀, yóò kó sínú ọkàn àti oríkèé ọwọ́. Awọ ara á dà bí idẹ. Haemochromatosis ni orúkọ àrùn náà.

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó wọ́pọ̀ tó Ireland. Nǹkan bí 1 nínú ènìyàn 83 ni ó ní lẹ́tà náà ní méjì, 1 nínú ènìyàn 5 ni ó sì ní ẹyọ kan. Ẹ wo iye ènìyàn tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lárọ̀ọ́ yìí, kí ẹ fi 5 pín wọn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Wọn kò fún un ní oògùn. Wọ́n kàn ń fa ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí ìdajì lítà, tí ó gbé nǹkan bí mílígíráàmù 250 irin jáde. Mùdùnmúdùn egungun á wá fa irin tí ó ti kó jọ sí ẹ̀dọ̀ láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí a bá tètè mọ̀, ẹni náà lè gbó kí ó tọ́. Bí a kò bá mọ̀, ẹ̀dọ̀ á bàjẹ́. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan lọ.

KÍ NÌDÍ TÍ LẸ́TÀ NÁÀ KÒ FI PARẸ́?

Ohun tí ń pa ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó ti parẹ́ tipẹ́. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tí ó ní A kan àti S kan kì í tètè kú ikú ibà ẹ̀fọn. Ní Ìbàdàn ní 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọ̀nà kan tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀ hàn: sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà bá wọ̀ máa ń tètè tẹ̀ ju èyí tí kò wọ̀ lọ. Bí ó bá ti tẹ̀, àwọn agbálẹ̀ á gbé e jẹ, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni S ẹyọ kan. Òun ni ó gba ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa là nínú igbó ẹ̀fọn. Bí kò bá sí i, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní sí láyé.

Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, yẹ àrokò ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wò. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára rẹ̀, torí pé àwọn onímọ̀ káríayé ti ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ṣe ìwádìí láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ara ẹnìkan ṣoṣo ni lẹ́tà S ti bẹ̀rẹ̀, ní Áfíríkà, nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Ẹnìkan ṣoṣo! Gbogbo wa tí ó ní S, ẹbí ni wá.

Tiwọn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Trinity College ní Dublin níbí àti ní Queen's ní Belfast ka àrokò inú egungun àwọn òkú àtijọ́. Lára ọkùnrin kan tí wọ́n sin sí erékùṣù Rathlin ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí lẹ́tà irin náà. Àlàyé kan tí ọ̀pọ̀ ń gbé yẹ̀ wò ni pé níbi tí oúnjẹ kò ti ní irin tó, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni yóò ní ẹ̀jẹ̀ jù. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ nígbà ìyàn lè di ọ̀tá nígbà ọ̀pọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àrùn àwọn aláwọ̀ dúdú ni tiwa, bí ẹni pé ẹ̀gàn ni. Kò sí ẹ̀yà tí kò ní lẹ́tà tirẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Èkíní, ẹ tún àyẹ̀wò yín ṣe. Ìwé tí mo gbé wá láti ilé parọ́ fún mi. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ tí mò ń kọ́, n bá fi ìwé náà fẹ́ ìyàwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ pé nǹkan bí 1 nínú ènìyàn 4 ní Nàìjíríà ni ó gbé S, àti pé àwọn ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn náà tó 150,000 lọ́dún. Ẹ má gbàgbé C pẹ̀lú, tí ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ju láàárín àwọn tí ń gbé ìlà-oòrùn odò Ọya lọ. S àti C bí wọ́n bá pàdé, àrùn ni.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ yé wa. Bí AS bá fẹ́ AS, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí àwọn méjèèjì ju owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín 1 nínú 4 ni kí ọmọ jẹ́ SS, 1 nínú 4 kí ó jẹ́ AA, 2 nínú 4 kí ó jẹ́ AS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o! Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Owó ẹyọ kò rántí èyí tí a jù lánàá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ kì í béèrè jẹ́nótáìpù kí ó tó wọlé, mi ò sì ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ̀ kí a tó pinnu. Kí ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì sàn ju kí ẹ béèrè lẹ́yìn tí a ti gbé ẹrù ìdána.

Ẹ̀kẹta, AS kì í ṣe àìsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn tà yín lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí SS bá wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí a ràn án lọ́wọ́. Òtútù ìlú yìí, àìmu omi tó àti àárẹ̀ lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà bí ó bá wọ kóòtù nínú ilé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, torí dókítà tí ó bá pàdé lè má tíì rí i rí. Ní Dublin, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Crumlin ń tọ́jú àwọn ọmọ, St James's sì ń tọ́jú àgbà. Ẹ má sì máa gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí irin kún inú rẹ̀ fún un bí a ti ń ṣe nílé. Irin kọ́ ni ó sábà máa ń wọ́n ọn.

Ìtọ́jú wà báyìí ju ti ayé Noel lọ. Pẹnisílìnì ojoojúmọ́ ń dá ẹ̀mí ọmọdé sí. Hydroxyurea ń mú kí hẹmoglóbìn F ìgbà ọmọdé padà wá. Nílé, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs kọ ọ́ ní 1971 pé omi gbòǹgbò igi orín ata ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ nà padà nínú ìgò àyẹ̀wò; ìgò kì í ṣe ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé igbó wa kò ṣófo. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba Britain fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí a fi ń tún àrokò inú mùdùnmúdùn egungun ṣe. Owó rẹ̀ ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fi parí. Aláìsàn SS sábà máa ń nílò ẹ̀jẹ̀. Oríṣi kan tí a ń pè ní Ro wọ́pọ̀ láàárín àwa ọmọ Áfíríkà, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Ireland. Ẹ lọ bá àwọn tí ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ìlú yìí. Wọn yóò bi yín léèrè nípa ibà àti ìrìn àjò. Ẹ fi sùúrù dá wọn lóhùn. AS náà, kí ó béèrè bóyá wọ́n lè gba tirẹ̀.

Ohun kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí a bá ń gbé ẹ̀jẹ̀ sí lára lemọ́lemọ́, irin inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn á kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀, torí ara kò ní ọ̀nà àbájáde fún un. Wọn yóò ní láti fún un ní oògùn tí ń fa irin jáde. Ọmọ Ṣàgámù tí a bí pẹ̀lú lẹ́tà tiwa á wá máa jẹ irú ìyà tí ọmọ Galway ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà lára bàbá ọ̀rẹ́ mi, bí ó bá yege àyẹ̀wò, wọ́n lè gbé e fún aláìsàn tí ó nílò rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò sọ fún bàbá òun. Ó ní inú rẹ̀ yóò dùn.

 Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò o. Ọlọ́run yóò mú wa délé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tútù. Àṣẹ.